Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì yẹ ọwọ́ ọmọdé wò

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Kí àwọn ọmọ wa tó wọ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìwé kíkọ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń wò ó bóyá ojú àti ọwọ́ wọn ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ìlà lásán ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá tó nǹkan bí ọdún 3 sábà máa ń lè wo ìlà òró, ìlà ìbú àti òbírí, kí ó sì yà wọ́n. Àgbélébùú ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún 4, lẹ́yìn náà onígunmẹ́rin, ṣùgbọ́n onígunmẹ́ta lè pẹ́ kọjá ọdún 5, nítorí pé ìlà tó dagun máa ń da ọwọ́ kékeré láàmú.

Ohun tí ọmọ yà nìkan ni bébà ń fi hàn wá. Tábúlẹ́ẹ̀tì ń pa bó ṣe yà á mọ́: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, apá ibi tó yí sí, iye ìgbà tó gbé ọwọ́ sókè, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ìdí nìyí tí mo fi gbà á gbọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún 4 kan ni ó là mí lójú. Òbírí rẹ̀ pé, àmọ́ ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ó tó yà á tán, ẹ̀rọ náà sì fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbó. Nígbà tí mo jókòó tì í, mo rí i pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ń dìde, ó sì ń padà sórí itan bí ẹni tí wọ́n bá wí. Mo bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè. Màmá ní òun máa ń gbá ọwọ́ náà ni, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi òsì nà án sí mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí kéréyọ̀n yàtọ̀ sí ìkíni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi òsì yà á láìdúró.

Láti ìgbà náà, mo máa ń jẹ́ kí ọmọ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣeré fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọmọ tó ń fọwọ́ kan fóònù nílé ti ṣíwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gíláàsì ń yọ̀, ìlà sì ń sá kọjá ibi tí ọmọ fẹ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá kan ojú gíláàsì náà, ẹ̀rọ mìíràn lè kà á sí àṣìṣe. Ìka lásán kò lè sọ fún wa bí ọmọ ṣe ń di kéréyọ̀n mú, nítorí náà ni mo ṣe ń lo kálámù tí wọ́n ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì, èyí tó sanra díẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọ á ya àwòrán kan náà sórí bébà. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, ti bébà ni mo ń gbà, nítorí bébà ló ń dúró dè é ní CI.

Ṣùgbọ́n kí n tó tan ẹ̀rọ rárá, màá kọ́kọ́ gbé ọpọ́n oníyanrìn síwájú ọmọ, màá sì kọ ọwọ́ tó kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́ sílẹ̀.