Ọmọ Ìdógò Tó Di Shogun

Sùúrù ni gbogbo ènìyàn fi ń yin Tokugawa Ieyasu, ọ̀gágun samurai tí ìdílé rẹ̀ ṣàkóso Japan gẹ́gẹ́ bí shogun, ìyẹn olórí ogun tó ń ṣèjọba, fún ohun tó lé ní 260 ọdún. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìtàn ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń sọ sí mi lọ́kàn, ìyẹn ìdógò, nítorí pé agbára káká ni a fi lè rí àdéhùn ńlá kan nínú ayé rẹ̀ tí wọn kò fi ènìyàn dúró fún.

Ọdún 1543 ni wọ́n bí i sí ilé olódi Okazaki ní agbègbè Mikawa, Takechiyo sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, Matsudaira Hirotada, jẹ́ olóyè kékeré tí ilẹ̀ rẹ̀ há sáàárín alágbára méjì, àwọn Oda ní ìwọ̀ oòrùn àti àwọn Imagawa ní ìlà oòrùn. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ dá ìyá rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá náà ti lọ bá àwọn Oda ṣe. Nígbà tí yóò fi tó ọmọ ọdún márùn-ún, Hirotada fi òun náà ránṣẹ́ sí Imagawa ní ìlú Sunpu gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé wọ́n gbà á lọ́nà, wọ́n sì mú un lọ fún Oda Nobuhide, ẹni tó ránṣẹ́ sí Hirotada pé òun yóò pa ọmọ náà bí kò bá kọ Imagawa sílẹ̀. Wọ́n ní èsì tí bàbá rẹ̀ fọ̀ ni pé kó máa pa á. Nobuhide kò pa á. Lọ́dún 1549 ni Hirotada kú, tí wọ́n sì fi Takechiyo ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ Nobuhide kan tí ọwọ́ àwọn Imagawa tẹ̀ lójú ogun. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe bọ́ láti inú ìgbèkùn kan sínú òmíràn.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Gbèsè ni ìwọ̀fà ń sìn, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó olówó ló ń gba ilé lọ. Takechiyo kò jẹ gbèsè kankan. Wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ ọlọ́lá, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé àti ogun jíjà, wọ́n tún fẹ́ ìyàwó fún un láàárín àwọn ènìyàn Imagawa. Àmọ́ bí àwọn ará Mikawa bá yẹ àdéhùn pẹ́nrẹ́n, ọrùn rẹ̀ ni yóò gbà á.

Lọ́dún 1560, Oda Nobunaga, ọmọ Nobuhide, fi ìwọ̀nba ọmọ ogun ya lu Imagawa Yoshimoto ní Okehazama, ó sì pa á. Takechiyo, tó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun nínú ogun Imagawa, kò padà sí Sunpu mọ́; Okazaki ló gbà lọ. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Imagawa, bẹ́ẹ̀ ni òun sì ti ń bá Nobunaga mulẹ̀. Lọ́dún 1562 ó gba ilé olódi Kaminogo, ó mú ọmọkùnrin méjì tó jẹ́ ti olórí ibẹ̀ láàyè, ó sì fi wọ́n gba àwọn tirẹ̀ padà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló máa ń ṣòro fún mi láti kà. Lọ́dún 1579, ìyàwó kan náà tó fi ọgbọ́n gbà sílẹ̀ yìí ni wọ́n pa nípa àṣẹ rẹ̀, Nobuyasu àkọ́bí rẹ̀ sì gbẹ̀mí ara rẹ̀ nípa àṣẹ bàbá rẹ̀ kan náà, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń bá àwọn Takeda, tí í ṣe ọ̀tá, ṣe wọléwọ̀de. Àwọn kan ní Nobunaga ló fi dandan lé e, àwọn mìíràn ní ìjà inú ilé ni. Èyí ó wù kó jẹ́, Hirotada ni mo rántí, pẹ̀lú èsì tó fọ̀ fún Nobuhide.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ogun rẹ̀. Ní Mikatagahara, lọ́dún 1573, Takeda Shingen lù ú bí ẹní lu bàrà, ó sì di dandan kí Natsume Yoshinobu, ìránṣẹ́ rẹ̀, pe ara rẹ̀ ní Ieyasu kí wọ́n lè pa á dípò ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Nobunaga, Ieyasu àti Toyotomi Hideyoshi, ọ̀gágun Nobunaga tó gba agbára lẹ́yìn rẹ̀, kojú ara wọn lọ́dún 1584, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ṣẹ́gun pátápátá. Ieyasu fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ránṣẹ́ sí Hideyoshi. Nígbà tí ìyẹn kò tó láti mú kí òun fúnra rẹ̀ wá forí balẹ̀, Hideyoshi fi àbúrò rẹ̀ obìnrin fún un ṣe aya, lẹ́yìn náà, lọ́dún 1586, ó fi ìyá rẹ̀ arúgbó ránṣẹ́ sí Okazaki. Wọ́n ní ìránṣẹ́ Ieyasu kan to igi ìdáná yí ilé tí ìyá náà wọ̀ sí ká, kó lè dáná sun ún bí ohunkóhun bá ṣe ọ̀gá rẹ̀ ní Osaka, níbi tó ti lọ forí balẹ̀ fún Hideyoshi.

Ọdún 1600 ni gbogbo rẹ̀ wá dé góńgó. Kí ogun Sekigahara tó bẹ́, Ieyasu ti gba ìyá Maeda Toshinaga, olóyè ńlá kan, sí Edo (Tokyo òde òní), ìlú tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdógò, obìnrin náà kò sì padà sílé títí di 1614. Ishida Mitsunari, ọ̀tá rẹ̀, gbìyànjú láti kó ìyàwó àwọn olóyè tó tẹ̀ lé Ieyasu ní Osaka, ṣùgbọ́n Hosokawa Gracia, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó náà, tó jẹ́ onígbàgbọ́, kọ̀ jálẹ̀: ìránṣẹ́ ilé rẹ̀ ló pa á, wọ́n sì ti iná bọ ilé náà. Ikú yẹn ba ète Mitsunari jẹ́ ju bí idà ṣe lè ṣe lọ.

Ieyasu borí ní Sekigahara, ó di shogun lọ́dún 1603, ó gbé ipò náà fún ọmọ rẹ̀ Hidetada lẹ́yìn ọdún méjì, ó sì padà lọ gbé ní Sunpu, ìlú tó ti ṣe ọmọ ìdógò, níbi tó kú sí lọ́dún 1616. Lọ́dún 1635, ọmọ ọmọ rẹ̀ Iemitsu fi òfin múlẹ̀ pé kí àwọn olóyè ńlá máa wá gbé ní Edo ní àkókò tí a dá fún wọn. Ìyàwó àti àrólé wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun méjì ni àwọn aṣọ́nà ní ojú ọ̀nà Edo ń ṣọ́ jù: ìbọn tó ń wọlé, àti obìnrin tó ń jáde. Ọdún 1862 ni wọ́n tó gba àwọn ìyàwó náà láyè láti máa lọ sílé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba Tokugawa parí.