Fítíǹsì àtìbọ̀: bí a ṣe ń yọ ọ́ níbi tó há

Ẹ ti páìpù wọlé kí ẹ tó fà á jáde. Fítíǹsì tí a kàn ń ti páìpù bọ̀, tí kò gba gọ́ọ̀mù, ní eyín irin nínú. Bí ẹ bá ṣe ń fà á tagbára-tagbára ni eyín yẹn ń wọ ara páìpù sí i. Ẹ bá tì í wọlé díẹ̀, eyín á dẹwọ́. Nígbà náà ni kí ẹ tẹ òrùka ẹnu rẹ̀ yípo, ẹ má fi í sílẹ̀, kí ẹ máa yí páìpù díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù, kí ẹ ti fáàfù abẹ́ tánkì. Orí òpó ni tánkì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn, omi tó kù nínú páìpù ṣì ń tì í síta. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi tó wà nísàlẹ̀ jù títí yóò fi dá.

Lẹ́yìn bèésìn, ìka kì í yí òrùka ká. Ẹ̀gbẹ́ kan la máa ń tẹ̀, òrùka á dagun, eyín apá kejì kò ní tú. Kílíìpù rẹ̀ tó lanu bí U ló dáa jù. Bí kò bá sí, ẹ lo sípánà ẹlẹ́nu-ṣíṣí: 16 fún páìpù 15mm, 24 fún 22mm. Kí ẹnu rẹ̀ gba páìpù, ṣùgbọ́n kó má gba òrùka. Àwọn fítíǹsì kan ní fìlà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí padà díẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Páìpù gbọ́dọ̀ rìn tó íǹṣì kan kó tó jáde. Ẹ tú ohun tó dè é mọ́ ògiri. Bí kò bá ráàyè síbẹ̀, ẹ gé e ní íǹṣì méjì sí fítíǹsì, kí ẹ fi kọ́pílíǹ tó ń sún lọ sún bọ̀ lórí páìpù so ó padà.

Iyanrìn àti ìpẹtà láti inú bóhòòlù máa ń há sẹ́yìn òrùka. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gíríìsì ọkọ̀ sí i, ó ń ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì fi pìláyà di páìpù mú: ibi tó bá ha, omi á máa jò níbẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, pákó kọ́bọ́ọ̀dù á ti wú kẹ́nikẹ́ni tó rí i. Ẹ gé ibi tó ha kúrò kí ẹ tó tì í padà.