Láti THAC0 dé dáìsì méjì

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé ìwé D&D ẹ̀dà kejì mi sórí tábìlì, èyí tó jáde lọ́dún 1989. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, eré tí a ti ń fi ẹnu àti dáìsì darí akọni inú ìtàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, sẹ́lótéèpù ló dì í mú. Ẹ̀dà karùn-ún ti ọdún 2014 ni àbúrò mi fi mọ eré náà. Ó ṣí ìwé mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹni tó wọ ẹ̀wù irin, AC rẹ̀ wá kéré ju ti ẹni tí kò wọ nǹkan kan?"

Bẹ́ẹ̀ ni. AC ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ààbò ẹni ṣe le tó. Nígbà yẹn, ẹni tí kò wọ ẹ̀wù ìjà, 10 ni AC rẹ̀. Ẹni tó wọ ẹ̀wù irin tó tún gbé apata, 2 ni. Bí ààbò ṣe ń le sí i ni nọ́ńbà ń wálẹ̀, títí yóò fi kọjá òdo. THAC0 ni nọ́ńbà tí o gbọ́dọ̀ jù lórí dáìsì olójú ogún kí idà rẹ tó ba ẹni tí AC rẹ̀ jẹ́ 0. Jagunjagun mi wà ní ìpele 5, THAC0 rẹ̀ sì jẹ́ 16. Bí AC ọ̀tá bá jẹ́ 3, mo yọ 3 kúrò, ó ku 13. Bó bá jẹ́ òdì 2, yíyọ á di ríròpọ̀: 18. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń dúró.

Ẹ̀dà kẹta yí i padà lọ́dún 2000, lẹ́yìn tí Wizards of the Coast ra TSR, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ eré náà tẹ́lẹ̀. Ju dáìsì, ro àfikún rẹ mọ́ ọn, bó bá ti tó AC ọ̀tá, o bà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àbúrò mi: THAC0 16 di àfikún 4, AC 3 di 17. 13 náà ni mo ṣì nílò! Ìṣirò kan náà ni, ríròpọ̀ kàn yá ju yíyọ lọ ni.

Lójú tèmi, ọdún 2014 ni ìyípadà gidi nínú ọ̀rọ̀ ìjà. Ní ẹ̀dà kẹta, àfikún jagunjagun ń gùn láti 1 dé 20. Ní ẹ̀dà karùn-ún, láti 2 dé 6 péré ni, AC náà kò sì sáré lọ sókè mọ́. Wo akọni ìpele 15 tó wọ ẹ̀wù irin, tó gbé apata: AC 20. Àfikún goblin, ọ̀tá kékeré kan nínú eré náà, jẹ́ 4, nítorí náà 16 ló nílò. Bí 20 goblin bá yí i ká, a lè retí kí idà márùn-ún bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Akọni ṣì ní láti bẹ̀rù èrò, mo sì fẹ́ràn èyí gidigidi.

Ọ̀rọ̀ dáìsì méjì ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn tán. Tẹ́lẹ̀, a máa ń kó àfikún jọ: 2 fún kíká ọ̀tá mọ́ àárín, 1 fún dídúró sókè, 1 fún ìbùkún àlùfáà. Ní ẹ̀dà karùn-ún, bí o bá ti ní àǹfààní kan lórí ọ̀tá, ju dáìsì méjì, mú èyí tó ga. Bí o bá nílò 11, ìrètí pé wàá bà á yóò kúrò ní 50 nínú 100, yóò di 75. Bó bá jẹ́ 20 lo nílò, yóò kúrò ní 5, kò sì tilẹ̀ ní dé 10. Ó yá, ó sì dùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àǹfààní kejì kò fi nǹkan kan kún un. Látìgbà náà ni àwa táa jọ ń ṣeré kò ti wá orí òkè mọ́ bí ọwọ́ wa bá ti tẹ ọ̀kan.

Àbúrò mi ní ká fi ìwé àtijọ́ náà ṣe ìjà kan. THAC0 tirẹ̀ jẹ́ 19, mo sì gbé ọ̀tá tí AC rẹ̀ jẹ́ òdì 1 síwájú rẹ̀. Ó di dáìsì mú, ó wo òkè àjà díẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ogún gan-an ni mo nílò."

Ó jù ú.