Kí Ọ̀dọ́ Adìẹ Tó Bá Àgbà Wọ̀ Pọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra adìẹ mẹ́ta, mẹ́rin ní Ọjà Ọba kún èyí tí ẹ ní nílé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ gbé wọn dé, ẹ tú okùn ẹsẹ̀ wọn, ẹ sì jù wọ́n sáàárín àwọn àgbà. Kí ẹ tó fọwọ́ tán, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀kan á bó, ogbe òmíràn á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀kẹta á sá wọ abẹ́ ọkọ̀, kò sì ní jẹun títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, nítorí pé sùúrù díẹ̀ ni ìbá ti dènà rẹ̀.

Nílé wa ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́yìn Àkúrẹ́ níhìn-ín, àkùkọ kan àti àgbébọ̀ méje ló wà nílẹ̀ kí àwọn tuntun tó dé. Adìẹ ìbílẹ̀ ni mẹ́ta nínú wọn, Noiler, irú adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin àti ẹran, ni ìyókù. Èyí dúdú tí ogbe rẹ̀ tóbi, òun là ń pè ní Ìyálé. Bí mo bá da àgbàdo sílẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó bá ṣáájú rẹ̀, á sọ ọ́ lórí. Èyí tó tẹ̀ lé Ìyálé náà ní àwọn tó ń lé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí kan pupa kékeré kan tí gbogbo wọn ń lé. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, ló kọ nípa ipò yìí fún àwọn onímọ̀ ní 1922. Ìyá mi ní Ondó mọ̀ ọ́n ní tiwọn: wọn kì í gbé abọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún adìẹ.

Ipò yẹn kì í ṣe ìkà. Òun ló ń jẹ́ kí àgbàlá tòrò, nítorí adìẹ tó bá ti mọ ẹni tó jù ú lọ, ńṣe ni yóò yà fún un. Àlejò ló ń tú u ká. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: àwọn àgbà náà kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, wọ́n ní láti tún un tò. Nítorí náà, ẹ má retí pé wọn ò ní jà rárá. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni kí ìjà náà má lẹ́jẹ̀, kó má sì pẹ́.

Síbẹ̀, àrùn ni mo kọ́kọ́ ń rò, kó tó kan ìjà. Adìẹ tí ara rẹ̀ ń dán lè gbé àrùn wọlé. Ti mímí tó ń mú kí wọ́n máa sín, kí imú wọn máa ṣomi, lè wà lára èyí tó dà bíi pé ó ti sàn, kó sì máa ràn án ká. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo ń fi wọ́n sọ́tọ̀, ní ìkángun ọgbà lọ́hùn-ún, pẹ̀lú abọ́ tiwọn. Àwọn àgbà ni mo ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láàárọ̀, kí n tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tuntun, bàtà tí mo sì ń wọ̀ lọ síbẹ̀ kì í wọ ilé àgbà. Mo máa ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ojú wọn bóyá ó ń hó, mo ń ṣí abẹ́ apá àti ìyẹ́ ìdí wọn wò bóyá kòkòrò iná wà níbẹ̀. Mo ń da eérú igi mọ́ erùpẹ̀ gbígbẹ fún wọn kí wọ́n lè máa yíra nínú rẹ̀.

Ti lúkúlúkú ò gba eré rárá. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù, ìdí nìyẹn tí n kì í fi ra adìẹ tuntun lásìkò yẹn, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kí wọ́n tó pàdé, àgbà àti ọmọdé ni mo ń fún ní Lasota, àjẹsára àrùn náà tí wọ́n ń mu. Inú fùláàsì tí yìnyín wà ni mo fi ń gbé e bọ̀ láti ọ̀nà Ọba Adésídà, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Omi kànga tàbí omi òjò ni mo ń pò ó mọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí. N ó ti gba omi lẹ́nu wọn fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn lè mu ún tán kíákíá.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Ẹ pààlà sínú ilé adìẹ gan-an, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí ẹnu wọn má lè kan ara wọn. Káfíńtà ló bá mi fi pákó ṣe férémù, a wá na nẹ́ẹ̀tì sí i. Mo gbé abọ́ oúnjẹ àwọn àgbà sí ẹ̀gbẹ́ nẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, mo gbé ti àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́hùn-ún, kí wọ́n máa jẹun ní ìdojúkọ. Níbẹ̀rẹ̀, Ìyálé á na ọrùn, á fẹ ìyẹ́, á fò mọ́ nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ó sú u. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé àwọn àgbà ń jẹun tí wọn ò wo ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mọ́, wọ́n ti ń mọ ara wọn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan kéré jù fún èyí. Méjì tàbí mẹ́ta dára.

Aládùúgbò mi kan bi mí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní kéèyàn ṣáà gbé wọn sórí igi tí àwọn àgbà ń sùn lé lóru, pé bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rò pé wọ́n ti ń gbé pọ̀ tipẹ́. Ṣé òótọ́ ni?” Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ má gba ìyẹn nìkan gbọ́. Adìẹ mọ ojú ara wọn.” Òru dára lóòótọ́, adìẹ kì í ríran nínú òkùnkùn, kò sì ní jà. Èmi náà, òru ni mo kó wọn wọlé. Àmọ́ nẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti dé ibẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n má bàa há sójú kan pẹ̀lú àwọn àgbà nígbà tí ojú bá là.

Márùn-ún ni mo kó wọlé pa pọ̀. Ẹ má ṣe mú ẹyọ kan ṣoṣo wọlé láé, gbogbo ìyà á di tirẹ̀. Kí wọ́n sì tóbi tó. Noiler ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni tèmi, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbébọ̀ ìbílẹ̀. Mo gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ti ògiri kí wọ́n rí ibi sá sí, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ibi tí kò bá ní àbájáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa wọ́n. Abọ́ oúnjẹ di mẹ́ta, ti omi di méjì, ó jìnnà síra. Mo so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kọ́ sókè kí àwọn àgbà ní nǹkan tí wọ́n ń fò sí. Orí igi tí wọ́n ń wọ̀, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sílẹ̀ fún adìẹ kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Lẹ́yà tí àwọn tó ń yé ẹyin ń jẹ ní kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le, tó tó ìdá 3.5 sí 4 nínú 100. Adìẹ tí kò tíì fẹ́ yé ò nílò ju bí ìdá 1 lọ, àjẹjù rẹ̀ sì ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Bí wọ́n bá ti wà pọ̀, ẹ ò lè ní kí ọmọ má jẹ nínú abọ́ àgbà. Gírówà, oúnjẹ àwọn tí kò tíì yé, ni mo wá ń fún gbogbo wọn, mo da ìkarahun lílọ̀ tí kálísíọ́mù wà nínú rẹ̀ sínú agolo kan lọ́tọ̀. Àwọn tó ń yé ẹyin ló ń ṣà á jẹ fúnra wọn. Èèpo ẹyin wọn ò rọ̀ rárá.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ìṣẹ́jú márùn-ún, torí gbogbo wọn ni yóò máa sọ ojú pupa yẹn. Ẹ gbé e sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ìyókù ṣì ti ń rí i, ẹ sì fi GV, oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò, pa ojú egbò rẹ̀. Èyí tí kò bá lẹ́jẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ ọmọ kúrò tí ẹ dá a padà, ìjà ọ̀tun ni. Bí ọ̀kan nínú àgbà bá wá ń lépa wọn láìsinmi, tí kò jẹ́ kí wọ́n mu omi, òun ni kí ẹ yọ. Mo yọ Ìyálé lọ sínú àgò lọ́nà jíjìn, níbi tí kò ti rí wọn. Nígbà tó fi padà dé, àwọn ìyókù ti tò láìsí i, òun gan-an ló ń wá ibi tí yóò dúró. Kò ráyè ọmọ mọ́.

Ní báyìí ogbe àwọn tuntun ti ń pọ́n, méjì nínú wọn sì ń ba mọ́lẹ̀ tí mo bá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Ẹyin ò ní pẹ́ jáde. Bí mo bá ti rí ti àkọ́kọ́, gbogbo wọn yóò padà sórí lẹ́yà, káfíńtà yóò sì fi itẹ́ kan kún méjì tó wà, kí adìẹ mẹ́rin má ṣàì ní itẹ́ kan.