Yìnyín Tó Fẹ́ Tàn Mí Jẹ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́.

Ìka mi ò tíì móoru tán. Láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú yàrá tútù, ní ìwọ̀n 10 sí ìsàlẹ̀ òdo, tí mò ń ti yìnyín kúrò lára álúmíníọ̀mù, láti dán ọ̀dà tí kò ní jẹ́ kí yìnyín lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ bàálù wò.

Ife oníke tí kò nídìí la máa ń gbé ka orí irin náà, ojú rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. A ó bu omi sí i, yóò dì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò wá máa tì í nítòsí ìdí títí yóò fi já. Ẹ̀rọ á sọ agbára tó gbà; newton la fi ń wọn agbára, kilopascal la sì fi ń wọn agbára lórí bí ojú ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Newton 10 lórí ojú tó kéré báyẹn, kilopascal 100 nìyẹn. Irin lásán máa ń di yìnyín mú ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀dà tó bá mú un wá sábẹ́ 100 la máa ń yìn. Bó bá lọ sábẹ́ 20, atẹ́gùn nìkan lè gbá yìnyín náà dànù.

Lọ́sàn-án yìí, lórí ọ̀dà tuntun wa, ó já ní newton 4. Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fò sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó já wẹ́rẹ́!" Inú tèmi náà dùn, mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kàn ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sójú irin ná. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì bò ó. Ọ̀dà ò tíì jọ̀wọ́ nǹkan kan. Yìnyín fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú omi nígbà tó ń dì ti sọ ìdí rẹ̀ di oníhò wótowòto.

Mo fagi lé e. Ó dùn mí, oṣù mẹ́ta la fi po ọ̀dà yẹn. Ṣùgbọ́n irú awọ yìnyín tó kù yẹn, tó bá wà lórí ìyẹ́ bàálù, kò ní láti nípọn. Ojú rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki ti tó láti da atẹ́gùn tó ń gbé bàálù ró rú. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí kí n má rántí bàálù akérò ATR 72 tó já ní Roselawn, ní Indiana, ní 31 Oṣù Kẹwàá 1994. Rọ́bà tó ń wú láti fọ́ yìnyín wà níwájú ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rọ́bà náà, níbi tí kò dé, ni yìnyín ti gbá jọ. Ènìyàn 68 ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yè.

Kí a tó kúrò, a se omi kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, a dé e mọ́lẹ̀ kó tutù. Ife méjìlá la ó tò lọ́la, lórí ọ̀dà kan náà.