Ìbéèrè Tí Ìyá Mi Bi Mí Lẹ́bàá Odi Conwy

Ìgbà méjì ni mo ti lọ sí Conwy, ìlú kékeré kan ní àríwá Wales, níbi tí odò Conwy ti ń wọ inú òkun. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́ta péré ni mo lò: mo ya fọ́tò ilé olódi tó wà níbẹ̀, mo jẹun, mo sì sáré padà wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n bi mí nílé pé kí ni mo rí, fọ́tò ni mo nà sí wọn, n kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tì í lẹ́yìn. Ní ìgbà kejì, ìyá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo mú lọ, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó ń gbèrò àtilọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ojú ọ̀nà. Ibùdókọ̀ ojú irin wà nínú odi ìlú gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀ àfi bí èrò bá ti sọ fún òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ṣáájú pé òun yóò sọ̀. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó títí ilé olódi fi kọjá lójú fèrèsé, ó di Penmaenmawr kí n tó ráyè sọ̀. Ohun tí mo gba ẹnikẹ́ni níyànjú báyìí ni pé kí ó sọ̀ ní Llandudno Junction, ní òdìkejì odò, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá wọ ìlú. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni fún ẹlẹ́sẹ̀ yíyá. Ìyá mi tí orúnkún ń dùn rìn ín ní ìlọ́po méjì, kò sì kábàámọ̀, nítorí láti orí omi ni ilé ìṣọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ilé olódi náà ti ń dìde wá pàdé ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni afárá tí Thomas Telford fi ẹ̀wọ̀n irin so rọ̀ ní 1826 wà, tó sì kọ́ òpó rẹ̀ bí ilé ìṣọ́ kí ó lè bá ilé olódi mu. Ẹ wo àkókò tí omi òkun ń kún àti ìgbà tí ó ń fà kí ẹ tó gbéra, nítorí bí omi bá fà tán, ẹrẹ̀ ni ẹ ó bá, àwọn ọkọ̀ ojú omi yóò sì dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má kọ́kọ́ wọ ilé olódi. Odi ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn, nítorí òun ló ń sọ ìdí tí ilé olódi fi wà. Ó gùn tó kìlómítà 1.3, ó ní ilé ìṣọ́ 21 àti ẹnubodè mẹ́ta, ènìyàn sì lè gun apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Èmi gòkè, ìyá mi dúró nísàlẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara òkúta náà, ó ń wo bí ó ṣe ga tó, ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń bẹ̀rù tó báyìí?” Ìyá mi dàgbà sí ilẹ̀ tí Èrèdò Ṣùngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yí ká, ó mọ̀ pé ẹnìkan kì í mọ odi kó má mọ ẹni tí òun ń sé mọ́ta. N kò rí èsì fún un. Mo ra ìwé kékeré kan nípa ìlú náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì kà á fún un lálẹ́.

Àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ìparí ọdún 1282 ni wọ́n pa Llywelyn ap Gruffudd, olórí àwọn ará Wales, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹta ọdún 1283, Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ibí yìí. Ilé àwọn mọ́ńkì ló wà níbẹ̀ nígbà náà, inú rẹ̀ ni wọ́n sì sin Llywelyn Ńlá sí, bàbá tó bí bàbá ẹni tí wọ́n pa. Edward kó àwọn mọ́ńkì lọ sí Maenan, ó sì ní kí James ti St George, ọ̀gá àwọn mọlémọlé láti Savoy, kọ́ ilé olódi àti odi ìlú pa pọ̀. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní 1287, owó tó bá a lọ sì tó nǹkan bí 15,000 pọ́n-ùn, owó ńláńlá láyé ìgbà náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó wá tẹ̀ ẹ́ dó. Wọn kò fún ọmọ Wales ní ẹ̀tọ́ onílùú nínú odi tí wọ́n mọ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí mo wọ ilé olódi, ojú mi ti yàtọ̀. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, nítorí àtẹ̀gùn inú ilé ìṣọ́ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ẹsẹ̀ àìmọye ènìyàn sì ti jẹ ẹ́ láàárín. Ẹ wọ kóòtù pẹ̀lú, àní nínú oòrùn, nítorí atẹ́gùn orí rẹ̀ kò mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti òkè ni mo ti wo odò, tí mo sì rántí pé ní oṣù kìíní ọdún 1295, nígbà tí ọmọ Wales kan, Madog ap Llywelyn, ṣọ̀tẹ̀ sí Edward, inú ilé yìí kan náà ni Edward há sí, tí omi kún tí oúnjẹ kò fi lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, etí omi ni kí ó jókòó sí. Ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń pè ní èyí tó kéré jù ní Bìrìtìkó wà, wọ́n kùn ún ní pupa, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 1.8 lọ. Apẹja kan tó ń jẹ́ Robert Jones, ọkùnrin tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ló gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, títí di 1900. Ìyá mi dúró síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkángun rẹ̀ méjèèjì. Ẹ bo oúnjẹ yín mọ́lẹ̀ níbẹ̀: ẹyẹ òkun já ẹja díndín gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ kọ́ ìkíni méjì kí ẹ tó lọ. “Bore da” ni ẹ kú àárọ̀, “diolch” ni ẹ ṣé. Ìyá mi fi “bore da” kí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, obìnrin náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá dì í lọ́wọ́ mú. Bí ẹ bá sì ní ọjọ́ kan sí i, Colwyn Bay kò jìnnà. Ibẹ̀ ni pásítọ̀ William Hughes ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́kọ̀ọ́ títí di ọdún 1912, Mojọlá Àgbébí, aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, sì wà lára àwọn tó bá a ṣe é.

Kí a tó kúrò, a gba Lancaster Square kọjá, láàárín ìlú, nínú odi gan-an. Ère Llywelyn Ńlá ló dúró sórí òpó níbẹ̀, pẹ̀lú adé àti idà. Mo ka orúkọ rẹ̀ fún ìyá mi. Ó gbé ojú sókè wò ó pẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, “Onílé ti wọlé.”