Ọjà Olney, Ọjà Ìtòkú

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ná ọjà ní Olney, ìlú kékeré kan ní Buckinghamshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣe ni ọjà ọ̀hún pa lọ́lọ́. Bàbá tó ń ta búrẹ́dì ti kọ iye owó sára pátákó. Mo ní kó bá mi yọ díẹ̀ kúrò, ó rẹ́rìn-ín, ó tún iye kan náà pè. N'Ítòkú l'Abẹ́òkúta, èmi àti ìyá aláàdìrẹ á kọ́kọ́ fà á títí, màá ṣe bí ẹni ń lọ, wọn á sì pè mí padà: "Oníbàárà mi, ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé e."

Létí ọjà Olney ni ilé bíríkì pupa kan wà tí akéwì William Cowper gbé láti 1768 sí 1786. Owó lẹ ó san kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1900. Ìrònú a máa dà Cowper láàmú, ló bá ń sin ehoro mẹ́ta: Puss, Tiney àti Bess. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jáde wá ṣeré ní pálọ̀. Nílé tiwa, ehoro tó bá wọ pálọ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Newton, ni àlùfáà ìlú náà. Òun ló kọ *Amazing Grace* fún ìsìn ọjọ́ kìíní ọdún 1773. Láti kékeré la ti ń fi Yorùbá kọ orin Newton ní Aké, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ni tẹ́lẹ̀, pé etíkun Sàró (Sierra Leone) ló ti ń kó èèyàn. Sàró yẹn kan náà ni àwọn baba wa tí wọ́n gbà lóko ẹrú ti gbé Bíbélì àti orin wálé! Ó di 1788 kí Newton tó kọ̀wé tako òwò náà.

Àwa náà ní tiwa. Abẹ́òkúta ni àlùfáà òyìnbó Henry Townsend ti tẹ *Ìwé Ìròyìn* ní 1859, Aké sì ni Soyinka dàgbà sí. Ṣùgbọ́n àlejò lè ná ọjà Ìtòkú tán kó má mọ ìkankan níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń padà, mo bi bàbá oníbúrẹ́dì bóyá ó mọ orin Newton. Ó ní ẹsẹ̀ kìíní nìkan. Mo bá fi Yorùbá kọ ìyókù fún un láàárín ọjà. Ó fi búrẹ́dì róbótó kan ṣe ènì fún mi.